Orí Ọmọ Tí Wọ́n Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní. Ilé náà wà láàárín Agége sí Ìkejà, níbi tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ju ilé gbígbé lọ. Ògiri ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ló dí fèrèsé ẹ̀yìn mi pa. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan bisikíìtì láàárọ̀, òórùn ṣúgà á kún inú yàrá, á wọ aṣọ, á wọ irun, kò sì ní lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn àlejò máa ń sọ pé òórùn náà dára. Èmi tí mò ń gbé inú rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan fi aṣọ bò mí nímú.

Iṣẹ́ físíò ni mo kọ́. Èkìtì ni mo ti wá sí Èkó, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn tí apá àti ẹsẹ̀ wọn kú bí wọ́n ṣe máa tún un gbé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, obìnrin kan tó ti òkè òkun wá kọ́ àwa mélòó kan ní irú ìtọ́jú kan tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ jòjòló àti ọmọ kékeré. Orí ọmọ ni èèyàn á gbé sínú àtẹ́lẹwọ́, tàbí kó fi ọwọ́ kan sí ìpàkọ́, kó fi èkejì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Kò ní tẹ̀ ẹ́, kò ní fà á, kò ní nà án. Ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ wúwo ju ewé tó já lé èèyàn lára lọ. Olùkọ́ wa sọ pé omi kan yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, pé omi náà ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, àti pé ọwọ́ tó bá ní sùúrù á gbọ́ ọ, á sì bá a tú ibi tó bá ti há.

Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò gbà á. Èmi náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi ni mò ń gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí mo bá gbé orí ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ sọ́wọ́ báyìí, tí èmi fúnra mi dákẹ́, tí mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń mí kanlẹ̀, wọ́n á sì sùn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba yàrá yẹn lọ́wọ́ Àlájì kan, ọmọ onílẹ̀ ní Agége, mo tẹ́ fóòmù sílẹ̀, mo gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn ìyá tó mọ̀ mí láti ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá, èyí tí inú ń run, èyí tí kì í sùn, èyí tí wọ́n fà jáde nígbà ìbímọ tí orí rẹ̀ sì gùn lápá kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìsinmi ni mò ń fún ọmọ, kì í ṣe ìwòsàn. Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, Mà." Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọbìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọkùnrin tó ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà gan, wọ́n kọ ara wọn bí àlùmọ́gàjí tí wọ́n pa dé, orí rẹ̀ sì wọ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìbòrí fóònù àti ṣájà ló ń tà ní Computer Village, ọjà fóònù tó wà ní Ìkejà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń di orí ọmọ mú?"

"Èmi ni. Jókòó ná. Kí ló ṣe é?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ níbi púpọ̀. Ó ní wọ́n bí ọmọ náà dáadáa, ó ké, ó mu ọmú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ojú rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, ara rẹ̀ náà sì pọ́n. Àwọn ará ilé ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kó máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kó máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà ti tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, kò mu ọmú mọ́. Wọ́n ní pípọ́n náà ti wọ ọpọlọ. Ọmọ náà yè, àmọ́ kò jókòó, kò rá, kò sọ̀rọ̀, oúnjẹ sì máa ń há a lọ́fun. Bàbá rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Ó ní òun ò lè máa gbọ́ igbe yẹn.

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ yìí, ọwọ́ mi ò lè tún un ṣe. Mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó lè tún un ṣe. Mo lè jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo sì lè kọ́ ẹ bí wàá ṣe máa gbé e, àti bí wàá ṣe máa bọ́ ọ tí kò fi ní máa há a."

"Mo ti gbọ́, Mà," ó ní. Ó tú ọ̀já, ó tẹ́ ọmọ náà sórí fóòmù. "Ẹ ṣáà bá mi di orí ẹ̀ mú."

Mo dì í mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé igi ni mo gbé. Gbogbo ẹ̀yìn ọmọ náà le, ó ń payínkeke. Mo dúró. Jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ ń dún lẹ́yìn ògiri, òórùn ṣúgà ń wọlé. Nígbà tó yá, àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ ya ara wọn díẹ̀, ó sì wúwo sí mi lọ́wọ́ bí ọmọ tó sùn ṣe máa ń wúwo. Mo gbójú sókè kí n sọ fún ìyá rẹ̀. Òun náà ti sùn lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣí, báàgì rẹ̀ ṣì wà lórí itan.

Mi ò lè yọ ọwọ́, torí ọmọ á jí. Mi ò lè pe ìyá, torí ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti pẹ́ tó ti sùn kẹ́yìn. Orúnkún mi ń ro mí, òógùn ń ṣàn lọ sí mi lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ti so mí mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í wá. Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ di orí ẹ̀ mú, Mà," kó tó di pé mo mọ̀, yóò ti sùn. Ní ọjọ́ kan, bí mo ṣe di ọmọ náà mú, ojú rẹ̀ tó máa ń fò kiri dúró sára tèmi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ rí i. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń sunkún. Mo sọ fún un pé ọmọ tí ara bá tù máa ń rẹ́rìn-ín, pé kì í ṣe àmì pé ọpọlọ ti ń padà bọ̀ sípò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ náà ni mo mọ̀ pé kò wọ etí rẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rí náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọmọ òun tí dókítà ní kò ní mọ ẹnikẹ́ni ti mọ èèyàn, pé ìyá kan wà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ìwòsàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, géètì Àlájì kò ṣeé ṣí. Àwọn ìyá láti Agége wà níbẹ̀, àwọn kan gbé mọ́tò wá láti Ọmọ́lé, wọ́n gbé e dí ojú ilé. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tí wárápá ń gbé.

Àlájì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùlù omi àlùwàlá lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ṣé ilé ìwòsàn lẹ ṣí ni, àbí ilé àdúrà? Ẹ jẹ́ kí n mọ èyí tí mo yá yín ní yàrá fún."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlájì. Èmi náà ò pè wọ́n."

"Ẹ lé wọn nígbà náà."

Mi ò lé wọn. Ẹni tó bá ti rí ojú ìyá tó gbé ọmọ aláìsàn dúró nínú oòrùn á mọ ìdí rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yẹ kó lọ rí dókítà, mo ní kó lọ. Èyí tí ìsinmi lè ràn lọ́wọ́, mo dì í mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò ní ìwúwo kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rí yẹn. Tí mo bá ní mi ò lè wo ọmọ sàn, wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Tí mo bá ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n á ní bóyá àwọn ò tíì bẹ̀ mí tó. Mi ò lè jáde lọ ra búrẹ́dì mọ́ kí ẹnì kan má dá mi dúró. Nínú kẹ̀kẹ́, obìnrin kan tí mi ò rí rí gbé orí ọmọ rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kí n tó jókòó tán. Bí mo bá ní rárá, ìkà ni mí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òpùrọ́ ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ mi sínú àpò aṣọ bí mo bá ń rìn.

Mo rò ó pé kí n kúkú ti yàrá náà pa. Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tó ń ta ìbòrí fóònù yẹn ní Sátidé kan. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Mà, ibí nìkan ni mo ti ń sùn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló de ilẹ̀kùn náà mọ́ mi lára. Mo ṣí i ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ yẹn ni ìyá àgbà kan wá pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù funfun wé ọmọ náà dé ọrùn. Ìyá àgbà ní ọmọ náà kì í ké, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, pé àwọn kàn fẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé e lórí kí orí rẹ̀ lè dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọmọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ imú rẹ̀ díẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ kúrò. Ibi tí mo tẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ṣí ojú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ó ń mu ọmú?"

Ìyàwó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà. "Ó kàn ń sùn ṣáá ni. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni."

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. "Ibà pọ́njú ni èyí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí, ẹ má yà síbì kankan."

"Ilé ìwòsàn kẹ̀? Tí a bá débẹ̀ wọ́n á dá wa dúró," ìyá àgbà ní. "Ọwọ́ yín la wá bá. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, ká máa lọ."

"Ọwọ́ mi ò lè ṣe èyí, Ìyá."

"Ẹ ṣe é fún ti ẹlòmíì." Ó jókòó sójú ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀. "Mi ò ní dìde níbí títí ẹ ó fi gbé ọwọ́ lé e."

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà la ní. Àwọn tó wà níta kò lè wọlé, àwa tó wà nínú kò lè jáde. Wọ́n ti ń sọ látìta pé, "Ẹ ṣàánú wọn, Mà. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án." Mo wo ọmọ náà. Ó rọrùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìyá àgbà á sì dìde. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà á sùn lọ́wọ́ mi, torí oorun ló ti ń kùn ún tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní ó ti ṣiṣẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ sílé. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, kò sì síbi tí mo lè sá sí.

Ìgbà náà ni mo rí i pé ọmọbìnrin yẹn ò sùn. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lápá, ó wá wo ọmọ inú ṣọ́ọ̀lù náà. Ó wò ó pẹ́.

"Báyìí ni tèmi ṣe rí," ó ní.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá àgbà. "Ẹ bá mi gbé ọmọ mi, Mà." Kí ìyá náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọkùnrin náà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ara ọmọ náà ò mọ ọ́n. Ó na gbọnrangandan, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́yìn, ó figbe ta. Ìyá àgbà fi apá méjèèjì dì í mú kó má bàa bọ́.

"Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ lèmi náà pè é," ọmọbìnrin náà ní. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ó ń sùn, mo ń dúpẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e sóòrùn, mo gbé e sóòrùn."

Ìyá àgbà wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa mú wa dé ilé ìwòsàn ọ̀hún?"

"Èmi ni," ọmọbìnrin náà ní. Ó gbé ọmọ tirẹ̀ fún mi, wọ́n sì kó sínú kẹ̀kẹ́.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà. Mo ti sọ fún àwọn tó kù kí wọ́n máa lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, wọ́n ti tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi nǹkan bò ó lójú. Dókítà ní wọ́n tètè gbé e wá, pé kò tíì wọ ọpọlọ.

"A dúpẹ́," mo ní.

"Iná ni, Mà. Iná ni wọ́n kàn tàn lé e lórí." Ó na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Ohun tí wọn ì bá ṣe fún tèmi nìyẹn."

Ó wo ọwọ́ mi tí mo fi gbé ọmọ rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ò lè ṣe nǹkan kan sí i, àbí?"

"Mo sọ ọ́ fún ẹ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wá."

"Ẹ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ sọ ọ́. Ẹ wá ń dì í mú ní gbogbo Sátidé." Ó gba ọmọ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sì jáde. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Kò wá mọ́. Àwọn èèyàn sì dín kù, torí ìyá àgbà ń sọ fún gbogbo ayé pé mo kọ̀ láti gbé ọwọ́ lé ọmọ ọmọ òun, àti pé ilé ìwòsàn ló gbà á là. Òótọ́ ni méjèèjì. Mo rò pé ara á tù mí. Ilẹ̀kùn ti ṣí, mo lè jáde nígbà tó bá wù mí, síbẹ̀ inú yàrá náà ni mo ń jókòó sí, tí mò ń wo bẹ́ǹṣì. Gbólóhùn tí ọmọbìnrin náà sọ kó tó lọ ṣì ń sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá di ọmọ náà mú, mo tan ìyá rẹ̀. Bí mi ò bá dì í mú, níbo ni ìyá rẹ̀ ti fẹ́ sùn?

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ wá a ní Computer Village. Mo bi àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n fi ibi tó pàtẹ sí hàn mí lábẹ́ agboòrùn ńlá kan. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìrọ̀rí tì í sínú páálí tẹlifíṣọ̀n kó má bàa ṣubú. Ó rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà. Kí lẹ wá rà?"

"Mi ò wá ra nǹkan kan. Ìwọ ni mo wá wò."

Ó fún mi ní àga rẹ̀. Àwọn tó ń pe oníbàárà ń kígbe ní gbogbo àyíká wa.

"Mi ò bínú sí yín," ó ní nígbà tó yá. "Ara mi ni mò ń bínú sí. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni." Ó fa ike kan jáde nínú báàgì, ògì tó ti tutù ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ ní ẹ máa kọ́ mi bí mo ṣe máa bọ́ ọ tí kò fi ní há a."

Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ. A gbé ọmọ náà jáde nínú páálí. Mo fi hàn án bó ṣe máa gbé e jókòó sí itan, kí ìbàdí rẹ̀ ká, kí orúnkún rẹ̀ ká, torí tí ìbàdí bá ká, ẹ̀yìn ò ní lè gan. Mo fi hàn án bó ṣe máa mú àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, kó má jẹ́ kí orí wọ́ sẹ́yìn, kó fi ìka kan gbé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, kí ṣíbí kéré, kó dúró dìgbà tó bá gbé mì kó tó fún un ní òmíràn. Ọmọ náà gbé ìkíní mì. Ó gbé èkejì mì. Oníbàárà kan ń béèrè iye tí ṣájà jẹ́, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bíbọ́ la kọ́kọ́ máa ń ṣe, lẹ́yìn náà jíjókòó, mo sì bá wọn wá káfíńtà tó kan àga onígbànú fún un. Tí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, mo máa ń di orí ọmọ náà mú fún ìgbà díẹ̀, ìyá rẹ̀ á sùn. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ìwòsàn mọ́ láàárín àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń ga, ó ń wúwo sí i. Ó ti ń nira fún ìyá rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n gorí afárá ojú títì, bàbá rẹ̀ kò sì padà.

Láìpẹ́ yìí, bí a ṣe ń de ìgbànú àga náà mọ́ ọn, ó bi mí pé, "Mà, ta ló máa máa gbé e tí mo bá darúgbó?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Èmi náà ò mọ̀," ó ní. Ó fi ṣíbí ro ògì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo mú àgbọ̀n ọmọ náà wálẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ.